Ó Rí I, Kò Dá A Mọ̀: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lójú Títì Mill ní Tempe

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2018, obìnrin ẹni ọdún 49 kan ń sọdá títì North Mill Avenue nílùú Tempe, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, kò gùn ún. Báàgì ọ̀rá rọ̀ sára kẹ̀kẹ́ náà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú bíi méjì. Títì gbẹ, iná òpópónà sì wà níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí òdìkejì nígbà tí ọkọ̀ kan gbá a láti apá ọ̀tún rẹ̀. Ó kú.

Ọkọ̀ Volvo XC90 ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ Uber gbé kámẹ́rà, rédà àti lídà (ẹ̀rọ méjì tó ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó) lé lórí kó lè máa wa ara rẹ̀. Ẹnì kan jókòó sídìí sítíárìn láti máa ṣọ́ ọ, àmọ́ ìṣẹ́jú 19 ti kọjá tí ọkọ̀ náà ti ń dá ara rẹ̀ darí. Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà, obìnrin yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pa.

Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ, tí èmi náà sì gbà, ni pé ẹ̀rọ náà kò rí i. Alẹ́ ni, aṣọ dúdú ló wọ̀, ó sì jáde lójijì. Fídíò tí ọlọ́pàá Tempe gbé jáde lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tún ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: òkùnkùn biribiri, lẹ́yìn náà ni obìnrin náà yọ bí iwin. Ẹni tó bá wo fídíò yẹn á ní kò sí ẹni tó lè ṣe nǹkan kan sí i.

Irọ́ ni fídíò yẹn pa fún wa, bí kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ṣe máa ń parọ́ lálẹ́. Kì í ṣe ojú tí ọkọ̀ náà fi ń ríran nìyẹn. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, parí ìwádìí tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, wọ́n sì tẹ ohun tó wà nínú àpótí ìrántí ọkọ̀ náà síta ní ẹsẹẹsẹ. Ó rí i. Ìṣẹ́jú àáyá 5.6 kó tó gbá a ni ó ti rí i. Ọkọ̀ náà ń sá eré bíi máìlì 44 ní wákàtí kan nígbà yẹn, nínú ibi tí òfin ti gba 45. Ẹ ṣírò rẹ̀: àárín òun àti obìnrin náà lé ní mítà 100, gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan gbáko. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ á dúró láàárín ìyẹn, á tún ráyè bú ẹni tó ń sọdá.

Kí ni ẹ̀rọ náà wá ń ṣe láti ìgbà tó ti rí i?

Kí n tó dáhùn, mo ní láti yà sọ́nà ibòmíràn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ "rírí" yìí ló ń tàn wá jẹ. Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà, nọ́ńbà lásán ni lójú kọ̀ǹpútà. A pín àwòrán náà sí àmì tóótòòtó bí ọkà bàbà tí a dà sórí àtẹ, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà mẹ́ta, ti àwọ̀ pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, láti 0 títí dé 255. Kò sí imú níbẹ̀, kò sí ẹsẹ̀, kò sí kẹ̀kẹ́. Lídà tó wà lórí òrùlé ọkọ̀ Uber yàtọ̀ díẹ̀: ìmọ́lẹ̀ lésà ló ń ta jáde, tí yóò ka bó ṣe pẹ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ náà tó lu nǹkan padà wá. Ìyẹn ló fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Òkùnkùn kì í dí lídà lọ́wọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ló ń lò. Rédà náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ìgbì rédíò. Àmọ́ ibi tí gbogbo wọn já sí kò yàtọ̀: nọ́ńbà, nọ́ńbà, nọ́ńbà.

Láti orí nọ́ńbà dé orí ọ̀rọ̀ bíi "ajá" tàbí "kẹ̀kẹ́", ìrìn àjò ńlá ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbìyànjú láti kọ òfin sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà: ohun tó bá ní etí méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìrù, ajá ni. Òfin náà kì í dúró. Ajá yóò kẹ́yìn sí kámẹ́rà, tàbí kó ká jọ sábẹ́ tábìlì, tàbí kó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ nìkan ló yọ lẹ́yìn ògiri, òfin á sì wó.

Ohun tó yí iṣẹ́ náà padà ni pé wọ́n fi òfin sílẹ̀, wọ́n sì gbá àpẹẹrẹ mú. Ní 2009, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Fei-Fei Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ImageNet jáde, àkójọ fọ́tò rẹpẹtẹ tí èèyàn ẹlẹ́ran ara jókòó tì, tí wọ́n ń sọ orúkọ ohun tó wà nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdíje tí wọ́n wá fi ṣe lọ́dọọdún títí di 2017, fọ́tò bíi mílíọ̀nù 1.2 ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ, orúkọ 1,000 sì ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní 2012, Alex Krizhevsky, Ilya Sutskever àti Geoffrey Hinton láti Yunifásítì Toronto mú tiwọn wá. Wọ́n gba ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láàyè láti dáhùn lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí fọ́tò kan. Tiwọn kùnà nínú fọ́tò 15.3 nínú 100. Ti ẹni tó ṣe ìkejì kùnà nínú 26.2. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ nípa òfin etí àti ìrù mọ́.

Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le tó bí a ṣe rò. Ó ní fèrèsé kékeré kan tó ń gbé gba orí àwòrán kọjá, láti igun dé igun, bí ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri wò nínú òkùnkùn. Ìpele àkọ́kọ́ ń wá ibi tí àwọ̀ kan ti pàdé òmíràn. Ìpele kejì ń so àwọn ìlà yẹn pọ̀ di igun àti òbìrí. Bó ti ń gòkè lọ, òbìrí méjì tí irin so pọ̀ lè wá di kẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó wá òbìrí o. Ńṣe ni wọ́n ń fi fọ́tò hàn án, tó bá ṣì í, wọ́n á yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí àṣìṣe náà á fi dín kù, wọ́n á tún fi òmíràn hàn án. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ fún àìmọye ìgbà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ dúró sí rèé. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń fà lé ẹ lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí kì í ṣe orúkọ. Máàkì ni. Gbogbo orúkọ tó wà nínú àkójọ rẹ̀ ló máa gba máàkì: ká ní ọkọ̀ gba 41, kẹ̀kẹ́ 38, èèyàn 15, ìyókù pín èyí tó kù. Èyí tó ga jù ni à ń pè ní ìdáhùn, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ti búra sí i. Ṣùgbọ́n tí nǹkan yẹn bá sún díẹ̀, tàbí tí báàgì ọ̀rá bá bo apá kan táyà rẹ̀, 41 lè di 36, ìdáhùn á sì yí padà, bẹ́ẹ̀ nǹkan tó wà níwájú rẹ̀ kò yí rárá. Ẹni tó bá ti wo fídíò tí ẹ̀rọ ti ń fi àpótí àwọ̀ yí nǹkan ká, tó ń kọ orúkọ sí i lórí, á ti rí bí orúkọ yẹn ṣe máa ń ṣẹ́jú: ológbò, ajá, ológbò, ológbò, ajá.

Ìkejì ni pé kò lè pe orúkọ tí kò sí nínú àkójọ rẹ̀. Nínú orúkọ 1,000 tí wọ́n fi ń ṣe ìdíje ImageNet, irú ajá bíi 120 ló wà níbẹ̀. Ti èèyàn ńkọ́? Ọkọ ìyàwó, òmùwẹ̀ abẹ́ omi, àti agbábọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù. Ó tán. (Kì í ṣe àkójọ yẹn ni ọkọ̀ Uber ń lò o. Mo kàn mẹ́nu bà á kí ẹ lè rí i pé ẹni tó kọ àkójọ ló pinnu ohun tí ẹ̀rọ máa lè mọ̀ láyé, kí fọ́tò kan ṣoṣo tó wọlé.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Tempe.

Lídà kan, rédà mẹ́jọ àti kámẹ́rà mẹ́wàá ló wà lára ọkọ̀ yẹn. Lára orúkọ tí ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ lè pe nǹkan ni ọkọ̀, kẹ̀kẹ́, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, àti "nǹkan mìíràn" fún ohun tí kò bá dá mọ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tó rọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó bá ti ń jẹ́ ọkọ̀, tó wà ní léènì kan, ètò náà á gbà pé ó ń bá léènì yẹn lọ ni, ibi tí títì dojú kọ. Kẹ̀kẹ́ náà bẹ́ẹ̀. "Nǹkan mìíràn" ni kò ní ìwà kankan. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò mọ ibi tó ń lọ, nítorí náà ètò náà á gbà pé ó dúró sójú kan ni, bí òkúta.

Ohun tó wà nínú àpótí ìrántí nìyí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 5.6, rédà rí i, ó pè é ní ọkọ̀, ó ní kò sí lójú ọ̀nà wa. Nígbà tó ku 5.2, lídà rí i: nǹkan mìíràn, ó dúró sójú kan. Ní 4.2, lídà kan náà ní ọkọ̀ ni. Ó ṣì dúró sójú kan. Láti nǹkan bíi 3.9 títí di 2.7, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà: ọkọ̀, nǹkan mìíràn, ọkọ̀, nǹkan mìíràn. Tó bá jẹ́ ọkọ̀, á tún yí èrò padà lórí ìyẹn náà, bóyá ó dúró ni àbí ó ń bá léènì òsì lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, kò kan léènì ọ̀tún tí òun wà. Ní 2.6, orúkọ tuntun dé: kẹ̀kẹ́, ó dúró sójú kan. Ní 2.5, kẹ̀kẹ́ ṣì ni, àmọ́ ó ti wá ń bá léènì òsì lọ. Ní 1.5, ó tún di nǹkan mìíràn, ó tún dúró sójú kan, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí apá kan lára rẹ̀ ti wọ ojú ọ̀nà. Ètò náà ṣètò láti rọra yà fún un sí ọ̀tún. Ní 1.2, ó di kẹ̀kẹ́ padà, ó ti wà lójú ọ̀nà pátápátá, yíyà kò sì ṣeé ṣe mọ́.

Ẹ tún un kà. Gbogbo orúkọ ló jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n pè é ní ọkọ̀, wọ́n pè é ní kẹ̀kẹ́, wọ́n pè é ní nǹkan. Wọn kò pè é ní èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdí kan tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwádìí NTSB, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á. Àwọn tó kọ ètò náà kò ro ti ẹni tó ń sọdá níbi tí wọn kò kùn fún ẹlẹ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n kùn fún sísọdá jìnnà tó mítà 110 sí ibi tí obìnrin yìí gbà. Nítorí náà, lójú ẹ̀rọ, kò yẹ kí èèyàn wà níbẹ̀. Èmi tí mo dàgbà níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọdá lábẹ́ afárá tí wọ́n kọ́ fún wọn láti gbà lókè, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Arizona pàápàá kò yàtọ̀: láàárín títì yẹn, wọ́n fi bíríkì ṣe ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba ara wọn kọjá bí àgbélébùú, ó rẹwà, wọ́n wá ri pátákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ kọjá.

Síbẹ̀, kì í ṣe ṣíṣi orúkọ pè ló pa obìnrin náà. Ìyá tó bí ọmọ púpọ̀ kì í tètè kan orúkọ ẹni tó fẹ́ pè. "Táíwò! Kẹ́hìndé! Ìdòwú! Àb'ẹ́ẹ̀ gbọ́, ìwọ yìí!" Gbogbo wa ló ti dáhùn orúkọ ẹ̀gbọ́n wa rí. Àmọ́ bí ìyá yẹn ṣe ń ṣi orúkọ pè tó, kò ṣi ọmọ mọ̀. Ó mọ̀ pé èyí tó ń sáré lọ sídìí iná ni, ó mọ ibi tó ti gbéra, ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa já sí, ọwọ́ ìyá sì ti nà kí orúkọ tó tọ́ tó jáde lẹ́nu.

Ètò Uber kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tó bá yí orúkọ nǹkan padà, kì í tún wo ibi tí nǹkan náà ti ń bọ̀ mọ́ tó bá fẹ́ mọ ibi tó ń lọ. "Ọkọ̀" tó rí tẹ́lẹ̀ ti lọ pẹ̀lú ìtàn rẹ̀. "Nǹkan mìíràn" tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní àná. Ó dá bí ẹni pé àlejò tuntun ló bọ́ láti ọ̀run. Ẹni tí kò ní ibi tó ti ń bọ̀, kí la fẹ́ fi mọ ibi tó ń lọ? Ó dúró sójú kan, ni ètò náà ń wí. Lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, orúkọ tún yí, ìtàn tún parẹ́, ó tún dúró sójú kan.

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà kò dúró. Láti ìgbà tí rédà ti rí i, apá kan náà ló dojú kọ, tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Lídà mọ ibi tó wà ní 5.2, ó mọ ibi tó wà ní 4.2. Ẹni tó bá fi rúlà fa ìlà láti àmì kan sí èkejì, tó sì fà á síwájú díẹ̀, á rí i pé ìlà náà máa wọ iwájú ọkọ̀. Kò nílò òye àtọwọ́dá kankan. Kò tilẹ̀ nílò orúkọ. Ìbéèrè "kí ni èyí?" ni ẹ̀rọ náà gbájú mọ́, nígbà tó jẹ́ pé "ibo ló ń lọ?" ni ìbéèrè tó lè gba ẹ̀mí là. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀, lójú tèmi, ni pé wọ́n so ìdáhùn ìkejì mọ́ ìdáhùn àkọ́kọ́ débi pé bí ti àkọ́kọ́ bá ti ń mì, ti ìkejì á wó lulẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 1.2. Ẹ̀rọ ti wá mọ̀ pé òun máa gbá nǹkan. Ẹ ó rò pé bíréèkì ló kàn.

Rárá. Ó dúró fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan láìṣe nǹkan kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń ríran a máa rí ohun tí kò sí, ìṣòro tó sì ń bá gbogbo irú wọn fínra nìyẹn. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ máàkì: ẹnì kan ló ní láti pinnu máàkì tí nǹkan gbọ́dọ̀ gbà kí á tó ka ìkìlọ̀ sí. Tó bá kéré, ọkọ̀ á máa tẹ bíréèkì nítorí òjìji àti ọ̀rá tí atẹ́gùn ń gbé, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á máa forí sọ, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì gbá a. Tó bá ga, ọkọ̀ á tutù minimini, títí dọjọ́ tí ọ̀ràn gidi máa dé. Ní ti Uber, ìkìlọ̀ èké pọ̀ nínú ètò wọn nígbà yẹn, wọ́n sì yan ọ̀nà kẹta: bí ewu pàjáwìrì bá yọ, kí ọkọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni, kí ẹni tó wà nídìí sítíárìn sì gbà á. Ní eré tó ń sá, ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 20.

Nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá kan náà pé, ó ku 0.2. Ètò náà tún ní òfin kan sí i: bí ìjàǹbá kò bá ṣeé yẹ̀ mọ́ pẹ̀lú bíréèkì tó mọ níwọ̀n, kó má tẹ bíréèkì tagbáratagbára, kó kàn rọra dín eré kù, kó sì dún gooro sétí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó dún gooro. Ẹni náà gbá sítíárìn mú nígbà tó ku ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Máìlì 39 ní wákàtí kan ni eré ọkọ̀ náà nígbà tó gbá obìnrin náà. Lẹ́yìn tó ti gbá a tán ni ẹsẹ̀ èèyàn tó tẹ bíréèkì.

Ti ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ náà kò pẹ́ sọ. NTSB ní ó ń wo ètò tẹlifíṣọ̀n lórí fóònù, ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ láti bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà sẹ́yìn, ó gbé e sókè nígbà tó ku bíi ọ̀kan. Òun ni àjọ náà fi ṣe okùnfà àkọ́kọ́. Wọ́n tún dárúkọ Uber, pé kò ní ètò ààbò tó péye, kò sì mójú tó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n dárúkọ ìpínlẹ̀ Arizona tí kò ṣàyẹ̀wò tó. Wọ́n sì dárúkọ obìnrin náà fúnra rẹ̀, nítorí ibi tó gbà sọdá. Títí di apá ìparí ọdún 2017, èèyàn méjì ló máa ń wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Uber yọ ọ̀kan. Ẹ fi èèyàn kan ṣoṣo jókòó nínú ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, lálẹ́, lórí ọ̀nà kan náà tó ń yípo, kẹ́ ẹ wá ní kó má sùn, kó má wo fóònù. Mi ò gbèjà rẹ̀ o, àmọ́ mo mọ ara mi.

Ohun kan wà tí kò gba ariwo tó yẹ kó gbà. Ọkọ̀ Volvo yẹn ní ẹ̀rọ ìdènà ìjàǹbá tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, èyí tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ bí ohun kan bá wà níwájú. Uber pa á nígbàkigbà tí ètò tiwọn bá ń wa ọkọ̀, kí àwọn méjèèjì má bàa máa bá ara wọn jà. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, Volvo fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ọ̀nà 20. Nínú 17, ọkọ̀ náà kò ní gbá a rárá. Nínú mẹ́ta tó kù, eré rẹ̀ máa ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ máìlì 10 ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rà níta ni mò ń sọ yìí. Kò ní àkójọ orúkọ gígùn, kò gbéra ga, nǹkan wà níwájú, ó tẹ bíréèkì.

Gómìnà Arizona nígbà yẹn, Doug Ducey, dá ìdánwò Uber dúró lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹta yẹn kan náà. Ní oṣù Karùn-ún, Uber palẹ̀ mọ́ kúrò ní ìpínlẹ̀ náà. Ní 2019, agbẹjọ́rò ìjọba ní Yavapai, agbègbè kan ní Arizona, sọ pé òun kò rí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí òun lè fi kan ilé-iṣẹ́ náà. Ní 2020 ni wọ́n fẹ̀sùn kan ẹni tó wà nídìí sítíárìn. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ó gbà pé òun jẹ̀bi fífi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, ilé ẹjọ́ sì fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta, láìlọ sẹ́wọ̀n. Uber ta ẹ̀ka ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Aurora lópin 2020. Kò sẹ́ni tó gbé ètò kọ̀ǹpútà lọ sílé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sẹ́ni tó gbé ẹni tó kọ ọ́ pé kó gbàgbé.

Kí ìwádìí NTSB tó parí, Uber ti tún ètò náà ṣe. Wọ́n yọ ìṣẹ́jú àáyá kan tí ọkọ̀ fi ń dúró. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ ìdènà ìjàǹbá Volvo máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Wọ́n dá èèyàn méjì padà sínú ọkọ̀. Wọ́n kọ́ ètò náà pé èèyàn lè sọdá níbikíbi. Wọ́n sì ṣe é kó máa rántí ibi tí nǹkan ti ń bọ̀, bí orúkọ rẹ̀ bá tilẹ̀ yí padà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ohun tí lídà àti rédà rí lálẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹta fún ètò tuntun yìí pé kó wò ó. Uber sọ fún àwọn olùwádìí pé ó dá obìnrin náà mọ̀ ní mítà 88, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 4.5, ó pè é ní ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì nígbà tó ṣì ku ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ. Lídà kan náà ni, alẹ́ kan náà, obìnrin kan náà tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.